Táyà Tí Kò Fẹ́ Atẹ́gùn

Ọkọ̀ náà yí gbirigbiri bọ́ láti orí òkúta, ó dojú dé, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń yí lásán sójú ọ̀run. Ìgbà kẹjọ nìyẹn láti àárọ̀. Onítáyà fi ọwọ́ ti orúnkún kó tó lè bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ tí kò tóbi ju ọmọ tuntun lọ náà nílẹ̀, ó sì nu eruku ojú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò, àárẹ̀ tó ti wọ egungun ni.

Lójú fèrèsé, àbúrò rẹ̀ gbé rìmóòtù lé itan. "Ó tún ṣubú," ló wí, bí ẹni tó ń ka àkọlé ara ògiri.

"Mo rí i."

"Ó ti rẹ̀ yín, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Kò rẹ̀ mí."

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni àbúrò yìí ń wà. Wọ́n ní táyà iwájú ló bẹ́ lórí eré. Ọkọ̀ takìtì, ẹsẹ̀ àbúrò méjèèjì sì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ táyà jẹun, ló lẹ táyà iwájú fún un ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Kò lọ wo àfọ́kù ọkọ̀ náà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó kàn gbé àbúrò rẹ̀ wá sílé, ó fún un ní yàrá tó kọjú sí àgbàlá, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń gbé e, ó sì ń retí ọjọ́ tí àbúrò yóò la ẹnu sọ ọ́ sí i lójú pé táyà tó lẹ̀ ló fà á.

Àbúrò kò sọ nǹkan kan. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí kò tíì fi orí kan ìta. Òkúta tó rà láti fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé tirẹ̀ wà lókìtì ní àgbàlá, koríko ti ń hù láàárín rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo Sátidé ni Onítáyà ń fún táyà kẹ̀kẹ́ náà ní atẹ́gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i.

Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ àbúrò ló fi ọkọ̀ rìmóòtù náà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó rí i, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ń wo fídíò lórí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gun àpáta bí ìgbín, ó sì ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ohun tí wọ́n ní kí èèyàn ṣe. Àwọn méjèèjì kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé bátìrì wá síwájú kí iwájú lè wúwo. Onítáyà mú òjé tó fi ń mú táyà mọ́tò dọ́gba, ó gé e wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ sínú ríìmù iwájú méjèèjì, inú rẹ̀ sì dùn pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ ti wúlò. Wọ́n ra táyà tuntun tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọdé. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n gbé e lé òkúta, ó ṣubú. Ó ṣubú níjẹta, ó ṣubú lánàá.

Láàárọ̀ yìí ni àbúrò sọ ọ́ gbangba. "Tó bá gun òkìtì yẹn dókè kí oòrùn tó wọ̀, màá jáde síta. Tí kò bá gùn ún, ẹ gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ẹ má sì pè mí síta mọ́." Onítáyà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí.

Oòrùn ti ń rọ̀. Ó tún gbé ọkọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Ọkọ̀ gun òkúta àkọ́kọ́, ó dé ìdí èkejì, táyà iwájú kan òkúta, ó ta bíi bọ́ọ̀lù, ó yọ̀, ó ṣubú.

"Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

Onítáyà gbé e gba ojú fèrèsé. Àbúrò fi àtàǹpàkò tẹ táyà kan, ó tún tẹ òmíràn. "Èyí le o. Lọ́jọ́ tó dé, kò le báyìí." Ó ń yí i wò. "Bọ̀dá mi, ihò ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ihò wo?"

"Ihò kékeré, méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Mo ti lẹ̀ wọ́n pa." Bí ẹni tó ń retí oríyìn ló ṣe sọ ọ́. "Táyà tuntun, ihò mẹ́jọ. Èèyàn ò ní ojútì. Mo ha ojú rẹ̀, mo kùn ún ní gọ́ọ̀mù, mo lẹ̀ ẹ́. Mo tún rì í sómi, kò hó níbì kan."

Àbúrò wò ó títí. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Onítáyà kò tíì gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ilé yìí rí.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe irú èyí. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, Bọ̀dá mi. Kò fẹ́ atẹ́gùn. Ihò yẹn ni atẹ́gùn ń gbà jáde kí táyà lè tẹ̀, kó lè di òkúta mú. Ẹ lù wọ́n padà."

Onítáyà mú irin ṣóńṣó tó fi ń hú ìṣó kúrò lára táyà. Ó fi í sí ibi tó lẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ogójì ọdún ló ti ń dí ihò, kò lu ọ̀kan rí. Ó tún gbìyànjú. Ó gbé irin náà sílẹ̀.

"Kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́ta bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Táyà tí mo lẹ̀ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. Òun ló bẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé ó dìgbà tẹ́nì kan bá sọ ọ́ ni?"

"Ti ọ̀tún lẹ lẹ̀. Ti òsì ló bẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti gbó, mo ní kó ṣáà sìn mí dé ibi tí mò ń lọ." Àbúrò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń fà mí jáde, mo rí ti ọ̀tún yẹn. Ó dúró digbí."

Onítáyà fara ti ògiri. "Ọdún mẹ́ta. O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí. Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé inú ló ń bí yín sí mi, pé mo fi àìgbọ́n sọ ara mi di ẹrù sí yín lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ mí, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àìmọye oníbàárà tó sọnù ni Onítáyà ti sọ ọ́ fún ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dùn ún, ó sì fẹ́ sunkún, àárẹ̀ ni kò jẹ́. Ó tún mú irin náà, ó sì lu ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, táyà náà tẹ̀ mọ́ òkúta, ó rún, ó sì dì í mú. Ọkọ̀ gun àkọ́kọ́, ó gun èkejì. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n," àbúrò ń sọ fún ọkọ̀ náà pẹ̀lú ohùn awakọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ yí sí ẹ̀yìn òkìtì, ibi tí kò ṣe é rí láti ojú fèrèsé.

"Mi ò rí i mọ́."

"Ṣé kí n máa júwe ibi tó wà fún ẹ?"

Àbúrò wo oòrùn, ó wo òkìtì. "Rárá. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn wá."

Onítáyà gbé e lé orí kẹ̀kẹ́ náà tòun ti ìmí ẹ̀dùn. Táyà rẹ̀ kún dáadáa. Ó tì í gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí àgbàlá, lẹ́yìn náà ló jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òkúta kan ló kù kó dókè. Ọkọ̀ náà sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ sì ń jáde fìì, fìì, lára táyà. Ogójì ọdún ni ohùn yẹn ti ń gbé Onítáyà dìde láti lọ wá gọ́ọ̀mù. Kò dìde. Ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń jò.