Eyín Dókítà Ẹ̀ẹ̀kan

Dókítà Ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn aláìsàn ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Bí ó bá ti gbẹ́ ihò eyín tán, á ki ìdíhò funfun bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tan iná búlúù sí i lẹ́ẹ̀kan, iná á dún píì, á wá fi irin kàn án kó-kó. "Ó ti le bí òkúta. Ẹni tó kàn!"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun náà jẹ́ dókítà eyín lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Iná yẹn, tó ń mú ìdíhò le, kì í wọlé jìnnà. Bí ìdíhò bá ti nípọn ju mìlímítà méjì lọ, òkè á le, abẹ́ á rọ̀ bí àbẹ́là tí oòrùn pa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kì í, ìpele kan, iná kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ wá wo bíríkìlà tí mo gbà síṣẹ́!"

Lóṣù tó kọjá, bàbá tíṣà kan padà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àbúrò gbẹ́ ìdíhò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi síbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀, eyín sì ti jẹrà dé ìdí. Kó tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n ti dé.

"Ẹ má bínú, bàbá. Àbúrò mi ló di iná mú lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò balẹ̀."

Wọ́n yọ eyín náà. Láti ọjọ́ yẹn, fífọ irin ló di iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ní yàrá ẹ̀yìn. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé àìmọ̀ ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n òun.

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Eyín ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ló bá pe bíríkìlà rẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àwọn aláìsàn tò síta, bàbá tíṣà ló wà níwájú. Àbúrò gbẹ́ eyín náà. Ihò rẹ̀ jìn tó mìlímítà mẹ́fà. Bó ṣe fẹ́ ki òwú sí i lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ìpele-ìpele ni o. Méjì-méjì. Má kánjú."

Àṣé ó mọ̀! Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí! Àánú rẹ̀ gbẹ lọ́kàn àbúrò níbẹ̀.

"Ẹ yanu dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ki òwú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó ki ìdíhò náà, mìlímítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tan iná. Píì. Ẹ̀gbọ́n ń retí èkejì. Àbúrò gbé iná kọ́, ó mú irin. Kó-kó.

"Ó ti le bí òkúta!" Ó pariwo rẹ̀ kí ará ìta lè gbọ́.

Ọ̀gá fa òwú tu. "Tún un—"

Bàbá tíṣà yọjú. "Ṣé kò sí o, dókítà? Ṣé kò le ni?"

Gbogbo ará ìta na ọrùn wò ó. Kò sí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá lẹ́nu níbẹ̀.

"Ṣé kí n gbẹ́ ẹ jáde?" Àbúrò ti gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́yín dání. "Ẹ kàn bá mi sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ni."

Ọ̀gá wo ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀rọ náà sẹ́yìn.

"Ó ti le, bàbá," ló wí. Ó rọra fi ahọ́n kan eyín náà. Òkè rẹ̀ le lóòótọ́.