Pátákó Kọ́kọ́rọ́ Lorne

Kọ́kọ́rọ́ kẹrin ti kúrò lórí pátákó kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, Lorne Hrycay kò sì tíì rí ẹnì kan tó kí i kú oríire.

Ó sì yẹ kí wọ́n kí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe òṣìṣẹ́ àlàáfíà ní abúlé etí adágún yìí ní Alberta: ó ń dá ajá tó já okùn padà sílé, ó ń bá ẹni tí kò kó yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wí. Láti òní lọ, òfin tuntun ti sọ ọ́ di ọlọ́pàá pátápátá. Ó lè mú ènìyàn, ó lè tú ilé wò. Ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí láti mọ ẹ̀gbẹ́ tó gbayì jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń sá òtútù lọ sí Arizona tó móoru máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sí, òun a sì fi wọ́n kọ́ sórí pátákó náà, kó lè máa wọlé wò bóyá omi ti dì nínú páìpù.

Gordon Pruden, tó máa ń pè é ní Bàbá Ajá, wọlé, ó ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa bá mi wo ilé."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó kú?"

"Èkejì ni, sà."

Gordon kò ní ẹ̀gbọ́n kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Marlys Tkach dé, ó ní òun fẹ́ fọ kọ́kọ́rọ́ òun.

"Ta ní ń fọ kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi ni, sà."

Lorne mú ìwé ìwádìí tuntun rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Ṣé olè ti wọ abúlé ni?* Ó ronú díẹ̀. *Àbí jáàmù ni?* Lóòótọ́, nígbà tó lọ wo ilé Marlys lọ́dún tó kọjá, ó tọ́ jáàmù èso rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó fọ ṣíbí.

Nígbà tó fi di aago mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló kù, ti Olha Semchuk, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Láti ìgbà tí ìyá náà ti ṣubú ní ilé ìdáná, ojoojúmọ́ ni Lorne ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ wọlé láti wò bóyá ó ṣì wà lórí ìdúró. Wọn a sì jọ mu tíì. Bóyá ìyá náà yóò mọ ohun tó ń ṣe abúlé.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ. Àmọ́ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó kàn án gbàgbàgbà.

"Ọlọ́pàá!"

Ṣíbí tó ń ro nǹkan nínú ife dákẹ́. Aṣọ fèrèsé mì díẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Èmi ni, mà. Lorne."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Kí ni mo ṣe?"

Ó gbọ́ tí ìyá náà ń wọ́ àga, tó ń bọ́ bàtà ilé, tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà òde bí ẹni tí wọ́n wá mú lọ, tó sì ń bú okùn bàtà náà lábẹ́lẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Lorne. Ó dúró sínú yìnyín, ó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.