A Kì Í Fi Ẹ̀yìn Jẹ́ Ìpè

Ijó ni mo fi ń jẹun, ojú kì í sì í tì mí láti sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí n ju ìdí, màá jù ú, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wá mú oríkì mi, kó so ó mọ́ ìdí ọ̀hún, ìyẹn ni mi ò ní gbà láyé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí a ti ń dánra wò ní Iganmu, màmá àgbà pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi fóònù sórí sípíkà. "Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ mi! Ṣé o ti jẹun?" Àánú ni gbogbo ayé ń pè mí, màmá nìkan ló kù tó ń fi oríkì pè mí. Níyì, olórin tó gbà wá síṣẹ́, ní orúkọ náà dùn létí. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà tí a dé Surulere láti ya fídíò, wọ́n tan orin náà, mo sì gbọ́ ọ: "Àbẹ̀kẹ́, kẹ̀yìn sí mi, jẹ́ n rí ẹrù ẹ." Oríkì mi ni Níyì gbé sínú orin. Sylvester, tó ń darí fídíò náà, to àwa ọmọbìnrin mẹ́rin síwájú ògiri, ó ní ká kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Kámẹ́rà ọ̀hún ò ga ju itan wa lọ. Orí wa ò kàn án.

Mo ro ti àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ní Mushin. Bí orin yìí bá jáde, orúkọ tí màmá fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọn yóò máa pariwo lé mi lẹ́yìn. Bí mo bá sì bínú lọ sílé, wọn yóò fi ẹlòmíì rọ́pò mi, orúkọ mi yóò wà nínú orin síbẹ̀. Mi ò lọ.

Orin bẹ̀rẹ̀, mo jó. Bó ṣe kan "Àbẹ̀kẹ́," mo yí padà, mo kúnlẹ̀ bí màmá ṣe kọ́ mi, ojú mi sì ko ti kámẹ́rà gan-an. "Mo wà níbí o!"

"Cut!" Sylvester pariwo. "Àánú, kí nìyẹn?"

"Wọ́n pè mí ni, ẹ̀gbọ́n. Nílé wa, a kì í fi ẹ̀yìn jẹ́ ìpè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe, mo tún kúnlẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò dìde, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Níyì bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Babe, chill now. Ṣebí orúkọ lásán ni."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, Ẹ̀gbọ́n Níyì, ẹ fi oríkì ìyá yín síbẹ̀. Màá jó o dalẹ́. Kí loríkì wọn?"

Ó ń yí jígí ọ̀hún lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, kò kàn lè pè é níbẹ̀ ni. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Husnah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá yí padà, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni Àṣàbí," ó ní. "Ẹ ò tíì pè mí o, mo ti ń dáhùn." Àwọn méjì tó kù náà kúnlẹ̀.

Níyì ní kí wọ́n pa orin. Ó ní òun á yọ orúkọ náà kúrò, òun á tún ibẹ̀ kọ. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àánú, jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, dìde."

"Ẹ ò rí i pé ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀," mo ní. "Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú ìkẹ́."

Mo wá dìde.