Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ìsun Kọ́ Ló Ni Ìsun

Ní ilẹ̀ Ọ̀dàn, níbi tí àwọn ẹranko ti ń ṣèjọba ara wọn, Ẹfọ̀n ni ọba, Ìkookò sì ni Ọ̀tún rẹ̀. Wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. Orí Arántí, ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀ fún ìlú, ni gbogbo òfin wà. Bí ìgbìmọ̀ bá ti pinnu ọ̀rọ̀ kan, Arántí á dìde, á tún un sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, tàgbà tèwe á sì mi orí sí i. Ẹtu, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ló wà nípò náà lásìkò tí à ń wí yìí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Ó ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ níwájú rẹ̀ tó jábọ́ rí.

Ọdún kan wá, ọ̀dá dá. Gbogbo odò gbẹ, ó ku ìsun kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ òkè, nínú pàlàpálá àpáta. Ibẹ̀ di ojú ogun. Ẹni tó lágbára ń ti ẹni tí kò lágbára, àwọn kéékèèké ń kú sábẹ́ pátákò. Ìgbìmọ̀ bá jókòó, wọ́n bẹ ọba pé kó gba àwọn. Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró tún sọ lọ́jọ́ náà kò jù báyìí lọ: "Ẹfọ̀n ni yóò máa ṣọ́ ìsun, kí ńlá má bàa tẹ kékeré pa, títí òjò yóò fi rọ̀." Gbogbo wọn mi orí. Ẹfọ̀n náà mi orí.

Ẹfọ̀n sì ṣọ́ ọ dáadáa lọ́dún yẹn. Nígbà tó yá, òjò rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò kúrò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, kò sẹ́ni tó lè mu omi mọ́ láìkọ́kọ́ gbé koríko tútù wá fún ọba, kó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀yà, opó kan tó ní ọmọ kan ṣoṣo, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá. Ibà dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, omi ló ń bèèrè. Ọ̀yà wá koríko tútù títí, kò rí, nítorí oòrùn ti jó gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta tó dé ilé lọ́wọ́ òfo, ọmọ ti kú.

Ọ̀yà kò sunkún nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró.

"Ìyá Arántí, ẹ jọ̀wọ́, kí la sọ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ìsun la ní kí ọba máa ṣọ́ ni, àbí àwa?"

Àwẹ̀ró ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà pé òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo ayé gbọ́. Ìkookò gbọ́ kó tó di ọ̀la. Ọ̀sán gangan ló yọ sí i, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ kú ìsinmi, màmá. Ọ̀rọ̀ kan péré la fẹ́ kí ẹ bá wa tún ṣe. Dípò kí ẹ ní Ẹfọ̀n ń ṣọ́ ìsun, ẹ ní Ẹfọ̀n ló ni ìsun. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan, ta ló tún ni ín bí kì í bá ṣe òun? Ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó máa kọ́kọ́ mumi láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í ní kí ẹ kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yín yìí."

Ó lọ. Àwẹ̀ró rò ó, ká sọ tòótọ́. Òùngbẹ ń gbẹ òun náà. Ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu wò: "Ẹfọ̀n ló ni..." Ó ku díẹ̀ kó parí rẹ̀ nígbà tí ojú ara rẹ̀ tì í, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ìkookò ló kọ́kọ́ dìde.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbààgbà Ọ̀dàn, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń jà létí ìsun mọ́. Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Kí là ń pè ní àlàáfíà bí kò ṣe èyí? Bí ọba bá ń kọjá, gbogbo wa là ń dojú bolẹ̀. Kí là ń pè ní ọ̀wọ̀ bí kò ṣe èyí? Ẹ jẹ́ kí Arántí sọ ọ́, ká máa lọ sílé: Ẹfọ̀n ló ni ìsun."

Àwẹ̀ró dìde.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. 'Ṣọ́' ni ìgbìmọ̀ yìí sọ. Alágbàtọ́ kì í di ìyá ọmọ, bó ti wù kó tọ́ ọ pẹ́ tó. Ẹni tí a ní kó ṣọ́ oko àgbàdo, bó bá ń ya àgbàdo jẹ, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ọ̀tún ní ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Ilé tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ jáde náà máa ń pa rọ́rọ́, ẹ bi Ọ̀yà. Ó ní à ń dojú bolẹ̀ fún yín. Ẹ̀rù nìyẹn, Kábíyèsí. Lọ́dún tí ẹ yọ àwọn ọmọ wa lábẹ́ pátákò, ọ̀wọ̀ la fi tẹrí ba fún yín nígbà náà. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé méjèèjì kò jọra."

Ẹfọ̀n wolẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ló fi pátákò ha ilẹ̀.

"Ọpọlọ rẹ ti gbó, Àwẹ̀ró. Láti òní lọ, Odídẹrẹ́ ni Arántí."

Odídẹrẹ́ kò tilẹ̀ dúró ronú. "Ẹfọ̀n ló ni ìsun! Ẹfọ̀n ló ni ìsun!" Àwọn àgbààgbà sì ń mi orí lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn nílẹ̀. Èyí dun Àwẹ̀ró ju oyè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ó kígbe: "Ẹ̀ ń mi orí? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Etí yín kan náà kọ́ lẹ fi gbọ́ ọ ni?"



Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kúrò ní Ọ̀dàn. Ọ̀yà tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, Ehoro kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ wọn. Òkété náà lọ. Kí oṣù tó lé, kò ku ẹranko kékeré kan nílùú. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rìn kí wọ́n tó dé ojú odò gbígbẹ kan. Wọ́n fi èékánná gbẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi kan omi. Kò pọ̀, kò sì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu ún láìdọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wà ní Ọ̀dàn, àwọn kéékèèké yìí gan-an ló máa ń wọ inú pàlàpálá àpáta lọ kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu ìsun. Pátákò ọba kò lè wọ ibẹ̀. Odídẹrẹ́ ń kéde lójoojúmọ́ pé Ẹfọ̀n ló ni ín, ẹrẹ̀ sì ń dí i. Nígbà tí omi dá, Ìkookò ló kọ́kọ́ sá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹfọ̀n yọ sí ibùdó tuntun náà, èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Òkèèrè ló ti ń pariwo: "Ẹ gbé omi wá!" Kò sẹ́ni tó mira.

Àwẹ̀ró bi í pé: "Ṣé àṣẹ ni, àbí ẹ̀bẹ̀?"

Ẹsẹ̀ iwájú Ẹfọ̀n méjèèjì ká lábẹ́ rẹ̀. "Mo bẹ̀ yín."

Gbogbo wọn kọjú sí Ọ̀yà. Ọ̀yà wo Ẹfọ̀n, ó wá sún kúrò létí omi. Ẹfọ̀n mu, ó mu, títí ikùn rẹ̀ fi wú. Nígbà tó gbórí sókè, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń padà sójú rẹ̀.

"Ọ̀yà, Elédùmarè á bù sí i fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti dárí jì mí."

Ọ̀yà sọ pé: "Omi ni mo fún ọ, Ẹfọ̀n. Má pè é lórúkọ mìíràn."