Ìwádìí Sẹ̀kínátù ní Singapore

Ohun kan ṣoṣo ni Lìádì rí sọ tí kò fi fẹ́ kí Iman, ọmọ rẹ̀, fẹ́ Yakub. Ó ní lóòótọ́ Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin náà, mọ́sálásí kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń kírun ní Atlanta, ṣùgbọ́n ará Singapore ni, ẹ̀yà Támílì. "Ta la fẹ́ bi nípa ìdílé wọn? A kì í fọ́mọ fún ẹni tí a ò mọ orírun rẹ̀."

Sẹ̀kínátù, ìyàwó rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín McDonough tí wọ́n ń gbé àti Marietta tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó pinnu. Ìwádìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lórí fóònù. Ó pààrọ̀ shift pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Singapore. Lìádì ní òun ò ní bá a lọ. Sẹ̀kínátù ní kò burú.

Inú ilé gogoro kan ni àwọn òbí Yakub ń gbé. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá Yakub se ìrẹsì àti ẹran àgùntàn, wọ́n fọwọ́ jẹ ẹ́, ata rẹ̀ sì ta débi pé inú Sẹ̀kínátù dùn. Ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe dáadáa sí àlejò? Ẹni tó bá ń ṣèwádìí, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ nasẹ̀, ó dá jáde. Ìlú náà mọ́ tónítóní, ooru rẹ̀ sì dà bíi ti Èkó lẹ́yìn òjò. Lójú títì kan ṣoṣo ó rí mọ́sálásí, kò sì rìn jìnnà tó fi kan tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù tí wọ́n to ère aláràbarà sí lórí. Nígbà tí ebi pa á, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lábẹ́ òrùlé ńlá kan, ó fẹ́ jókòó sídìí tábìlì tó ṣófo, àfi bébà ìnuwọ́ kékeré kan tó wà lórí rẹ̀.

"Aunty, ẹnìkan ti gba ibẹ̀ yẹn," ni ọmọbìnrin tó ń ta tíì sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Àṣé bébà yẹn ni àmì, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n "Aunty" yẹn ló wọ Sẹ̀kínátù lára jù. Ẹni tí kò mọ̀ rí ló pè é bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń pè é ní Atlanta.

Ó padà, ó kan ilẹ̀kùn tó kọjú sí ti àwọn òbí Yakub. Ìyá àgbà ẹ̀yà Ṣáínà kan ló ṣí i. Sẹ̀kínátù kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ó ní ọmọ òun fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin iwájú ilé wọn, kí ìyá jọ̀ọ́ sọ ohun tí wọ́n mọ̀.  Ìyá náà ní ìyá Yakub lágídí, pé àwọn jà lórí ìkòkò òdòdó, àwọn ò sì kí ara àwọn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àmọ́ nígbà tí ọkọ òun rọ lẹ́sẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè bàjẹ́, Yakub, tí kò tíì lọ Amẹ́ríkà, ló pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá dókítà.

"Ìyá rẹ̀ ló rán an. A ṣì ń jà nígbà yẹn."

Sẹ̀kínátù dúpẹ́. Ó wọlé lọ bá ìyá Yakub, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ kò sì gùn.

Nígbà tó padà dé Atlanta, Lìádì ló wá gbé e ní pápákọ̀ òfurufú. Lójú ọ̀nà ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ìjà òdòdó sílẹ̀.  Lìádì ní alágídí kò ṣeé fi ṣe àna.

"Èmi tẹ́ ẹ fẹ́ ńkọ́, Bàbá Iman?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Lìádì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ná, kí òun fojú ara òun rí wọn.

"Mo ti pè wọ́n. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa lọ gbé wọn."

Lìádì mirí. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfi káwọn tún yàrá àlejò kùn.