Ọjọ́ Tí Ekwaro Kọ Ọtí Àna

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo nílé wa, èmi ni. Ekwaro ọkọ mi kì í pariwo, ọtí ló máa ń mu. Ó mu ún títí ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ Asio, ọmọ wa, fi sá lọ. Ìṣojú àwọn òbí ọmọkùnrin yẹn ni Ekwaro ti ṣubú sínú abọ́ ọbẹ̀. Nígbà tí ìdílé mìíràn wá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ Asio lẹ́yìn ìkórè, ọmọ náà wá bá mi nídìí kànga, ó ní, "Màmá, tí bàbá bá tún dójú tì mí, mi ò ní í lọ́kọ mọ́ láéláé." Inú mi bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, ìyẹn ló sì wúlò jù.

Ilé Okiror ni mo gbà lọ. Ọlọ́pàá ni Okiror yìí tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú Kumi ló mọ bó ṣe máa ń mutí yó sùn sí gọ́tà. Ní báyìí aṣọ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ lò? Ẹ má fi í pamọ́ fún mi o, mi ò ní í kúrò níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí oògùn kankan, Ìyá Asio. Àwa tí ọtí ti nà ní àlùbami la máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A máa ń sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ mú un wá."

Mo sọ fún Ekwaro láìfepobọyọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń jáwọ́ nínú ọtí ni. Ó gbọ́ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí a débẹ̀, kí ni mo rí tó yọrí lẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù rẹ̀? Ọ̀pá gígùn oníhò tó fi ń fa ọtí látinú ìkòkò! Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó yíká láìmú ọ̀pá tirẹ̀ dání. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

"Ekwaro! Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Bí ìkòkò bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Èèyàn ò lè mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọkùnrin yẹn. Okiror ní, "Ẹ má bínú sí i, Ìyá Asio. Kò sẹ́ni tí ò mú tiẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tèmi ti di igi tí ẹ̀wà ń gùn lóko."

Ekwaro jókòó, ó fẹ àyà. "Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí o. Mo kàn ń bá àwọn èèyàn mu ún ni."

"A gbọ́," Okiror dáhùn. "Ọjọ́ wo lo jí kẹ́yìn, tí o ò fẹnu kan ọtí títí ilẹ̀ fi ṣú?"

 Ekwaro wò mí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi kọ́ ni wọ́n bi. Ó ronú, ó ronú, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò rántí," ló sọ. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bu tíì fún un, wọ́n ní kó tún padà wá.

Ó sì padà lọ. Kò rọrùn o! Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń làágùn, ó ń bú mi, èmi náà ń bú u padà. Ó tiẹ̀ tún mu ún lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló lọ jẹ́wọ́ fún wọn lábẹ́ igi. Nígbà tí ìkórè fi máa parí, Ekwaro tí mo fẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge ti padà wálé.

Ìṣòro kan ló wá kù. Bàbá ìyàwó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ọtí níwájú àwọn àna, kó tó gbé ọ̀pá fún bàbá ọkọ. Bí kò bá fà á, ó kọ̀ wọ́n nìyẹn. Opolot, ẹ̀gbọ́n Ekwaro, ní, "Ṣáà kan ẹnu mọ́ ọn, kó o ṣe bí ẹni tó ń mu ún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá kàn án, kò ní í fi í sílẹ̀."

Asio tún wá bá mi nídìí kànga. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́."

Ọjọ́ pé. Omoding, bàbá ọkọ, jókòó sídìí ìkòkò pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, Akiteng ìyàwó rẹ̀ wà lórí ẹní láàárín àwa obìnrin. Wọ́n na ọ̀pá sí Ekwaro. Ó dìde.

"Ẹ̀yin àna mi, ọ̀mùtí ni mí. Bí mo bá fa ẹ̀kán péré, mi ò ní í lè dúró mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi fà á."

 Ojú Omoding le. "Ṣé o kọ̀ wá ni?"

"Ká ní mo kọ̀ yín ni, irọ́ ni ǹ bá pa fún yín."

Omoding wò ó, ó wò ó. Ó wá gba ọ̀pá, ó fi lé Opolot lọ́wọ́. "Fà á," ó ní. "Mo ti rí irú ilé tí mo wá." Mo ké hàà! Asio bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi ti ń pariwo mọ́ Opolot pé kó má fa gbogbo rẹ̀ tán.

Mo wọ ilé ìdáná lọ bu oúnjẹ. Akiteng tẹ̀ lé mi wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà ni, mo ti ń gbára dì. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti Ekwaro lọ́jọ́ wọnnì.

"Ìyá Asio," ó ní lábẹ́lẹ̀. "Ibi tí ọkọ yín ń lọ yẹn, ṣé wọ́n ń gba obìnrin?"

Gbogbo ariwo inú mi ló dákẹ́. Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Tó bá di Sátidé, èmi fúnra mi ni màá wá mú yín lọ."