Àsíátù Gún Odó Òfìfo

Ẹ sún wá síbí, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán gbé àpótí rẹ̀ wá sítòsí. Ọ̀rọ̀ Àsíátù ará Ùsì ni, obìnrin tó fi ọmọ odó ránṣẹ́.

Ọkọ Àsíátù kú, ó fi ọmọ kan àti oko iṣu sílẹ̀. Ẹbí dá ọjọ́ tí wọn ó pín in, wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú kò ní ìpín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sùnmọ́nù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní kó bá òun ṣa iṣu ní yàrá ẹ̀yìn. Bó ti wọlé báyìí, ó gbọ́ àgádágodo lẹ́yìn rẹ̀.

"Adúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn." Orúkọ tí Àsíátù fi ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Sinmi níbẹ̀, ìyàwó. Bí a bá pín oko tán, màá ṣí i."

Àsíátù ké títí, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lójúde bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oko ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ló bá rí odó ní kọ̀rọ̀. Ta ní í ti obìnrin Èkìtì mọ́ ibi tí odó wà? Ó gbé ọmọ odó, ó ń gún, ó ń kọrin:

Odó ń ké o, kò rí jẹ,
Ẹ bi í léèrè, kí ló ṣe é?
Kì í ṣulé ló wù mí í gbé,
Ilẹ̀kùn ló há mi mọ́.

Àbẹ̀ní, aládùúgbò wọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lójúde, dá ọ̀bẹ dúró. "Ta ló ń gún odó òfìfo?"

"Iyán ni," aládùúgbò mìíràn fèsì.

"Iyán wo? Odó tó níṣu nínú kì í dún gbà-gbà. Ẹ dìde."

Wọ́n bá Àsíátù lójú fèrèsé onírin, ó ròyìn ohun tí Sùnmọ́nù ṣe fún wọn. Àbẹ̀ní pe ọlọ́pàá lórí fóònù, ó sì gba ìpàdé ẹbí lọ, níbi tí Sùnmọ́nù ti ń wí pé oko ò wu ìyàwó mọ́. Ó sọ ohun tó rí fún wọn, gbogbo ẹbí sì wọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

"Kọ́kọ́rọ́ ti sọnù," ni Sùnmọ́nù wí.

"Kò burú," ni Bàbá Àrẹ̀mú, olórí ẹbí, dáhùn. "Ẹ gbé àga wá. Ibí la ó ti pín in."

Lójú fèrèsé ni Àsíátù ti ka ààlà oko náà, pórópóró, kò ṣì kan. Wọ́n fún un ní ìpín tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́pàá obìnrin kan dé, ó kọjú sí Sùnmọ́nù. "Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kéèyàn sé ẹlòmíì mọ́lé. Ìyàwó ilé kì í ṣe ewúrẹ́."

Kọ́kọ́rọ́ jáde lápò Sùnmọ́nù. Òun náà bá ọlọ́pàá lọ. Àsíátù jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìkòkò àsáró kaná. Tọmọdé tàgbà jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n wọ́ lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó kún àti inú tó dùn.